Obìnrin Tí Ó Tọ Okùn Lọ

Ní ìlú Ìdíàpáta, ní ìsàlẹ̀ Òkè Àdán, obìnrin kan wà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ìbíwùmí ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ń lọ ata, á dìde lọ wo adìyẹ, á dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà, á sì tún dìde lọ wò ó bóyá ìkòkò tí kò tíì gbé kaná ti ń hó. Ìyá ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó, ṣé èèrà ń jẹ ọ́ nídìí ni?" Gbogbo agboolé á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á jókòó, kò sì ní pẹ́ tí á tún fi dìde.

Kì í ṣe pé ara rẹ̀ yá jù. Ohun tí kò bá rí ìdí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí òrùlé bá ń jò, àwọn yòókù á gbé igbá sábẹ́ rẹ̀, òun á gun àjà lọ wá ibi tí omi ti ń wọlé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kékeré ní ikú ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Inú rírun ló mú obìnrin náà ní òwúrọ̀, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú tó fi kú. Nígbà tí Ìbíwùmí béèrè ohun tó pa á, àwọn àgbà mirí, wọ́n ní, "Bó ṣe wá nìyẹn." Ó kórìíra gbólóhùn náà láti ọjọ́ yẹn. Ọmọ ọwọ́ kan ni ìyá wọn fi sílẹ̀, Ọmọ́yẹni. Ìbíwùmí ló tọ́ ọ, ó fi oúnjẹ ẹnu ara rẹ̀ bọ́ ọ, nígbà tó sì ń lọ sílé ọkọ, ó mú un dání.

Láyíwọlá ni ọkọ rẹ̀, akọ̀pẹ tí kò ní ẹlẹgbẹ́. Ó máa ń sọ pé ilẹ̀ ló ń rẹ òun, orí ọ̀pẹ ni òun ti ń sinmi. Okùn kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé, ìyẹn igbà rẹ̀, tó yí ọ̀pẹ ká, tó yí òun náà ká, tó ń bá a gòkè, tó sì ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Igbà ò ní ibòmíràn tó ń lọ. Kí akọ̀pẹ tó gbẹ́sẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ ti rí gbogbo okùn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti wọ́.

Lórí òkè náà ni Ihò Àdán wà. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin a máa fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ lọ pa àdán. Ihò náà kò ṣe é wọ̀ lásán, torí ẹnu rẹ̀ há, inú rẹ̀ sì fẹ̀ bí inú ìkòkò, kò sí ara ògiri tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti kú tán, ó ku Baba Òkéwándé nìkan, orúnkún tirẹ̀ sì ti wú débi pé láti orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà, ìrìn àjò ni fún un. Okùn rẹ̀ wà lókè àjà, lórí ibi ìdáná, níbi tí èéfín ti ń fín in látìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nílùú ò tíì dáyé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Ọmọ́yẹni bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣẹ́gi lórí òkè. Ó rí ẹtù kan tó sá jáde láti inú koríko, ó ní á jẹ́ pé ẹyin rẹ̀ ò jìnnà. Ó tẹ̀ lé e. Koríko ti bo ẹnu ihò. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ kò ju igbe kan lọ, wọ́n sì sáré wálé pẹ̀lú omijé.

Nígbà tí Ìbíwùmí dé ẹnu ihò náà, èémí rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán. Ó dọ̀bálẹ̀, ó pe orúkọ àbúrò rẹ̀ sínú òkùnkùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ohùn kékeré kan dáhùn láti ìsàlẹ̀, "ẹsẹ̀ mi ò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibí dúdú o."

Orí ìgbẹ́ àdán tó ti ga bí òkìtì ló já lé, òun ni kò jẹ́ kó kú. Ìbíwùmí fẹ́ fò sílẹ̀ lọ bá a. Àwọn èèyàn dì í mú. Láyíwọlá ní, "Bí o bá fò, ẹni méjì la máa yọ. Ẹ jẹ́ ká lọ gba okùn."

Wọ́n bá Baba Òkéwándé lórí ẹní.

"Baba, ẹ kú ìsinmi. Okùn yín la wá gbà," ni Láyíwọlá wí, ó ti ń nawọ́ sókè àjà.

"Okùn nìkan kọ́ lẹ wá gbà. Jókòó."

"Baba, ọmọ ń bẹ nínú ihò!"

"Mo gbọ́. Ihò ò ní gbé e sá lọ. Mo ní kó o jókòó."

Láyíwọlá jókòó, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Ìbíwùmí kò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ó ń rìn láti ara ògiri kan dé èkejì bí ẹni tí nǹkan ti sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé okùn náà sọ̀ kalẹ̀ fún Baba, ó so ó mọ́ òpó ilé tó wà nítòsí rẹ̀, ó mú okùn kéékèèké méjì tí a ti so bí òrùka, ó wé ọ̀kan mọ́ okùn ńlá náà léraléra, ó sì fà á.

"Wò ó. Bí o bá fọwọ́ tì í báyìí, á máa gòkè. Bí o bá gbé ara lé e, á fún okùn náà lọ́rùn, kò ní lọ sókè, kò ní lọ sísàlẹ̀. Ọ̀kan wà fún àyà rẹ, ọ̀kan wà fún ẹsẹ̀ rẹ. Dìde dúró lórí tẹsẹ̀, kí o ti tàyà sókè. Jókòó sínú tàyà, kí o fa tẹsẹ̀ gòkè. Bí kòkòrò tó ń wọn ewé ni wàá ṣe máa bọ̀. Má fi agbára apá gun okùn nínú ihò, apá á rẹ̀ ọ́ kí o tó dé ìdajì, ikú ló sì ń bẹ nísàlẹ̀."

Láyíwọlá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe é. Ọgbọ́n rẹ̀ yára. Kí Baba tó sọ ọ́ tán, ó ti ń rọ̀ dirodiro lára òpó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Inú Baba dùn, ó mi orí.

"Ó dára. Ta kókó ńlá sí ìdí okùn, kí o má bàa sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tó mọ. Mú awọ ìgalà tó wà níbẹ̀ yẹn, kí o tẹ́ ẹ sí ẹnu àpáta, torí àpáta ní eyín, á jẹ okùn. Ó wá ku èyí tó ṣe pàtàkì jù. Okùn gbọ́dọ̀ ní bàbá, kó sì ní ìyá. Igi ni bàbá rẹ̀, àpáta ni ìyá rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọ̀ ọ́, èkejì á gbà á. Níbo lo máa so ó mọ́?"

Láyíwọlá ti kó okùn sí èjìká, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ fi ìyẹn lé mi lọ́wọ́, Baba. Igi ṣáà ni iṣẹ́ mi."

Ó lọ. Baba Òkéwándé yíjú sí Ìbíwùmí. Ìbéèrè náà ṣì wà lójú rẹ̀. Ìbíwùmí gbé e kúrò níbẹ̀ bí ẹni gbé ẹ̀gún sínú àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìbá ti bá ọkọ rẹ̀ dé òkè lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ pè é pé kó wá mú ọ̀já àti omi dání, ọmọ tó farapa kò lè di ọrùn èèyàn mú. Ó sáré gba ilé. Kí ó tó padà dé, Láyíwọlá ti so okùn, ó ti tẹ́ awọ ìgalà sí ẹnu ihò, ó sì ti wọ òrùka rẹ̀. Okùn náà gba inú koríko lọ sẹ́yìn, ó wọ inú igbó ṣúúrú kan, ojú ò tún rí i mọ́.

Ó gba ọ̀já lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fi di ìbàdí.

"Níbo lẹ so ó mọ́?" ni Ìbíwùmí béèrè.

"Lára ọ̀pẹ kan lẹ́yìn igbó yẹn."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Láyíwọlá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀pẹ ló tọ́ mi dàgbà, kò já mi kulẹ̀ rí. Fọkàn balẹ̀." Ó fẹ́yìn rìn wọ inú ihò lọ.

Fọkàn balẹ̀! Àfi bí ẹni ní kí odò má ṣàn. Ìbíwùmí jókòó, ó dìde. Ó yí ẹnu ihò ká, ó padà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àgbọ́ọlá, tí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá sí nílùú náà, bínú sí i. "Jókòó síbì kan, ìyàwó! Ìrìn rẹ ń kó ìdààmú bá àwa tó dúró." Ó tún jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ń fa koríko tu.

"Mo ti bá a!" ni Láyíwọlá ké láti ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn hó. "Mo ti pọ̀n ọ́n! Mo ń bọ̀!"

Gbogbo ojú wà nínú ihò nígbà náà. Wọ́n ń kà á fún un, "Dìde! Jókòó! Dìde! Jókòó!" bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìrìn. Ìbíwùmí nìkan ni kò wo inú ihò, torí ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè wò ó. Okùn ló ń wò. Ó rí ibi kan lára rẹ̀ tí èéfín ti mú kó dúdú ju ibi yòókù lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ wò ó, ẹ̀yìn awọ ìgalà ló wà. Nígbà tó tún wò ó, ó ti wà lórí awọ náà. Láyíwọlá dìde, ó jókòó. Ibi dúdú náà tún sún sí ẹnu ihò.

"Okùn yìí ń rìn," ló wí.

"Ó ń nà ni," Àgbọ́ọlá dáhùn láìwẹ̀yìn. "Gbogbo okùn ló ń nà."

"Okùn tuntun ló ń nà. Èyí ti wà lórí àjà látìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Kí ló kù tó fẹ́ nà?"

Wọ́n ń pariwo "Dìde! Jókòó!" Ó rò ó pé bóyá òun náà ni èèrà ń jẹ nídìí lóòótọ́, bóyá kò sí nǹkan kan. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá jókòó síbẹ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á mirí, wọ́n á ní bó ṣe wá nìyẹn. Ó dìde. Ó fọwọ́ lé okùn, ó sì tọ̀ ọ́ lọ.

Ó tọ̀ ọ́ gba inú koríko, ó tọ̀ ọ́ wọ inú igbó, ẹ̀gún ń ya ìró rẹ̀, kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí okùn. Okùn náà le gbagidi, ó sì ń gbọ̀n. Ó gùn ju bí ó ti rò lọ. Nígbà tó já sí gbangba, ó rí ọ̀pẹ náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe.

Ọ̀pẹ arẹwà ni lóòótọ́, ẹyìn so lórí rẹ̀ dẹ́dẹ́. Bí akọ̀pẹ bá fẹ́ gùn ún, yóò gbé e, yóò gbé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí àpáta ló hù sí. Iyẹ̀pẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò nípọn, gbòǹgbò rẹ̀ kò rí ibi wọlẹ̀, ńṣe ló tẹ́ lórí òkúta. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ, ìsàlẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ sí. Okùn yìí, ẹ̀gbẹ́ ló ń fà á sí. Gbogbo ìgbà tí Láyíwọlá bá gbé ara lé òrùka, ọ̀pẹ náà á tẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á sì gbéra lẹ́yìn bí ẹní tí wọ́n fẹ́ ká.

Ó kígbe. Ariwo ayọ̀ tó wà lẹ́nu ihò gbé ohùn rẹ̀ mì. Bí ó bá sáré padà lọ pè wọ́n, ó mọ̀ pé kò ní tó àkókò. Ojú rẹ̀ lọ sí ìrù okùn tí Láyíwọlá ká jọ sídìí ọ̀pẹ, èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn kókó. Lẹ́yìn ọ̀pẹ, àpáta kan jókòó, kò ga ju àyà lọ, ṣùgbọ́n ó ti rì sílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Okùn gbọ́dọ̀ ní bàbá, kó sì ní ìyá. Ó gbé ìrù okùn náà, ó fà á le, ó wé e yí àpáta ká, ó tún wé e, ó tún wé e. Kò sí àyè láti ta kókó. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn àpáta, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í, ó sì di ẹnu okùn mú mọ́ àyà.

Ọ̀pẹ náà wó.

Okùn náà fà síwájú lójijì. Ó fún mọ́ ara àpáta, ó han, ó bó awọ ọwọ́ Ìbíwùmí, ó sì dúró. Lẹ́nu ihò, gbogbo ariwo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láyíwọlá àti ọmọ já wálẹ̀ níwọ̀n apá kan, òrùka sì fún okùn lọ́rùn, ó gbé wọn dúró sínú afẹ́fẹ́. Igbe Ọmọ́yẹni tó jáde nínú ihò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn igbó.

Ibẹ̀ ló wá di ọ̀rọ̀. Gbòǹgbò ọ̀pẹ tó fà tu ti tú ilé àwọn tanpẹ́pẹ́ ká. Wọ́n jáde pẹ̀lú ìbínú, wọ́n bá obìnrin kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n gun ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n wọ inú ìró rẹ̀, wọ́n ń ta á ní itan, wọ́n ń ta á nídìí. Ìbíwùmí tí kò lè jókòó lọ ata tán, Ìbíwùmí tí gbogbo agboolé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, jókòó. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń gé ètè rẹ̀ jẹ, kò gbéra, kò gbọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bó bá gbéra, àbúrò rẹ̀ kú, ọkọ rẹ̀ kú.

Nígbà tí Àgbọ́ọlá àti àwọn ọkùnrin tọ okùn dé ibẹ̀, wọ́n gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ta kókó, wọ́n ní kó dìde. Ó kọ̀. Ó ní àfi kí òun gbọ́ ohùn Ọmọ́yẹni lórí ilẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ ọ, "Ẹ̀gbọ́n mi dà?", ló tó fò sókè, ó ń gbọn ìró, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn pé sí àgbàlá Baba Òkéwándé láti dá okùn padà. Wọ́n ti fi ewé di ẹsẹ̀ Ọmọ́yẹni, wọ́n sì ti fi òrí pa ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ wá di àríyànjiyàn. Ẹnì kan ní afẹ́fẹ́ ni. Ẹnì kan ní ẹlẹ́nìní Láyíwọlá ló wà nídìí rẹ̀. Àgbọ́ọlá mirí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́. Irú nǹkan báyẹn, bó ṣe máa ń wá nìyẹn."

Ìbíwùmí dìde.

"Kò wá bẹ́ẹ̀, bàbá wa. Èmi tọ̀ ọ́ dé ibi tó ti wá. Mo fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe afẹ́fẹ́, kì í sì í ṣe ayé. Orí òkúta ni ọ̀pẹ yẹn wà, a so okùn mọ́ ọn, a ò sì wá ìyá fún okùn. Ká ní mo jókòó síbi tí ẹ ní kí n jókòó sí, ẹ̀yin kan náà ni ẹ̀ bá wá bá mi kẹ́dùn lálẹ́ òní, ẹ̀ bá sì sọ fún mi pé bó ṣe wá nìyẹn."

Láyíwọlá dọ̀bálẹ̀ níwájú Baba.

"Ẹ bi mí, Baba, mi ò dá yín lóhùn. Igbà mi ni mo fi ń wo okùn yín. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ni mo yẹ̀ wò, mi ò rántí pé ó ní ibi tó ti ń bọ̀."

Baba Òkéwándé wò ó títí, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ṣì dúró. Ó gbé okùn náà lé orúnkún, ó ń fà á gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi yọ.

"Dìde, ọmọ mi. Ó ti yé ọ," ló wí. "Ẹ̀yin yòókù ńkọ́? Gbogbo yín lẹ dúró lẹ́nu ihò, tí ẹ ń wo ibi tí okùn ń lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló lọ wo ibi tó ti wá."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún sọ̀ kalẹ̀ sínú Ihò Àdán láìkọ́kọ́ fọwọ́ lé okùn, kó tọ̀ ọ́ dé ìdí igi, kó tọ̀ ọ́ dé ìdí àpáta, kó tó padà wá wọ òrùka. Ìyá ọkọ Ìbíwùmí kò sì béèrè ọ̀rọ̀ èèrà mọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílùú, tí àwọn kan fẹ́ mirí pé bó ṣe wá nìyẹn, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó Láyíwọlá. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní Ìdíàpáta báyìí, ó ti di ti gbogbo wa, ẹnu ihò yẹn sì ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: bó ti wù kí okùn gùn tó, ó ní ibi tí a ti fà á wá.